Àgbo Kì Í Ṣe Tíì: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Mí Nípa Àgbo Àràmu

Inú ọjà Bódè n'Íbàdàn ni mo dàgbà sí. Ìyá mi ń ta egbò, èèpo àti ewé níbẹ̀, èmi ni mo sì máa ń bá wọn dì í ní ìdì-ìdì kí n tó lọ sí ilé-ìwé. Nígbà tó yá mo lọ kọ́ iṣẹ́ apoògùn, mo wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Òkè-Àdó. "Dókítà" ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wọlé máa ń pè mí. Mi kì í ṣe dókítà o, ṣùgbọ́n mo ti ṣàlàyé títí, ó ti sú mi. Orí káńtà ni mo ti gbọ́ púpọ̀ nínú àwọn ìbéèrè yìí, inú ọkọ̀ Máíkírà ni mo ti gbọ́ díẹ̀, ọ̀kan tiẹ̀ wáyé níbi ìsìnkú.

Dókítà, ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé àgbo ò dáa?

Rárá o. Ẹni tí owó àgbo rán níléèwé kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Oògùn ibà tí gbogbo wa ń rà ní kẹ́mísì lónìí, èyí tí artemisinin wà nínú rẹ̀, ewé kan tí àwọn ará Ṣáínà ti ń lò láyé àtijọ́ ni wọ́n ti yọ ọ́. Obìnrin tó ṣe iṣẹ́ náà, Tu Youyou, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Asofẹ́yẹjẹ tí àwọn bàbá wa fi ń tọ́jú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ńkọ́? Reserpine wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn òyìnbó náà sì fi lo reserpine fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ewé kì í ṣe eré.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tó lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ lè fà á wálẹ̀ kọjá ibi tó yẹ. Kí ìyá mi tó di egbò fún èèyàn, wọn á béèrè: ta ló ń ṣàìsàn? Ọjọ́ mélòó ló ti ń ṣe é? Ṣé kò lóyún? Wọn á ní kó máa mu ife kékeré kan láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 3, bí kò bá lọ, kó padà wá. Àgbo ìgbà yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin. Èyí tí mò ń bá jà ni èyí tí wọ́n ń gbé sórí kiri gáréèjì Ìwó Róòdù ní aago mẹ́fà àárọ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í bi yín ní nǹkan kan ju "ti èló?" lọ. Oògùn ni, wọ́n ti sọ ọ́ di ohun mímu.

Ṣọ́ọ̀tì kan péré ni mo máa ń mu kí n tó gbé mọ́tò jáde. Kí ló lè fi ṣe èèyàn?

Ẹ jẹ́ ká kà á. Ṣọ́ọ̀tì kan lóòjọ́, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, ó ti lé ní 300 lọ́dún kan ṣoṣo. Bí ara ò bá yá, ẹ ń mu ún. Bí ara bá yá, ẹ ń mu ún. Àìsàn wo wá ni ẹ ń wò?

Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé kí ló wà nínú rẹ̀. Yóò dárúkọ àìsàn fún yín, kò ní dárúkọ ewé: "Ibà ni, jẹ̀díjẹ̀dí ni, ọpa ẹ̀yìn ni, ó ń ṣiṣẹ́ gbogbo ẹ̀." Ìgbà míì kì í ṣe òun ló sè é, ó lọ rà á lọ́dọ̀ ẹni tó ń sè é ní garawa ni. Ti òní lè le, kí ti ọ̀la ṣàn bí omi, ṣọ́ọ̀tì kan náà sì ni.

Bó bá jẹ́ paraga, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀. Ògógóró ni wọ́n fi rẹ egbò yẹn. Ẹ rò pé egbò ló ń gbé yín ró láàárọ̀, ọtí ni, ẹ sì ti kó èèyàn mẹ́rin sẹ́yìn. Ọtí tí a ò mọ ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n tún ní ewu tirẹ̀. Ní 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, ojú àwọn èèyàn kàn ń fọ́ ni, orí ń fọ́ wọn, wọ́n sì ń kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwọn kan ní òrìṣà ló bínú. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, methanol, májèlé kan tó jọ ọtí, tó wà nínú ògógóró ni. Kò sí ahọ́n tó lè tọ́ methanol wò kó sọ pé ó yàtọ̀ sí ọtí gidi.

Jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ mí lẹ́nu. Bí mi ò bá mu àgbo, mi ò lè yàgbẹ́. Ṣé kí n má mu ún mọ́ ni?

Àgbo yẹn gan-an ló lè jẹ́ ìdí tí ẹ ò fi lè yàgbẹ́ mọ́. Asunwọ̀n ló sábà máa ń wà nínú àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Ohun tó wà nínú ewé yìí ń na ìfun bí ẹni na kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ìfun á ta jí, á ti ohun tó wà nínú rẹ̀ síta. Fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kò burú. Bó bá di ojoojúmọ́, tí ẹgba mọ́ ọn lára, ó lè má fẹ́ rìn mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n nà án. Ẹ óò wá máa fi kún àgbo, torí èyí tó tó lánàá kò tó mọ́.

Ìgbẹ́ olómi tí ẹ ń yà yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí nìkan ló ń kó jáde. Iyọ̀ kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ potassium, òun ni iṣan fi ń ṣiṣẹ́, iṣan sì ni ọkàn náà. Bí potassium bá lọ sílẹ̀ jù, ẹsẹ̀ á máa wọ́, àárẹ̀ á bo èèyàn, ọkàn á máa lù ségesège. Ẹni tó bá tún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀ ti kó sí ewu ìlọ́po méjì.

Kí n tó kúrò níbẹ̀: kí tiẹ̀ ni jẹ̀díjẹ̀dí? Ẹ̀yìn ń dun bọ̀ọ̀dá kan, ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ìdí yọ sí ìyá kan, jẹ̀díjẹ̀dí. Nǹkan ọkùnrin ò dìde dáadáa, jẹ̀díjẹ̀dí náà ni, ṣúgà tó lá ní kékeré ló fà á. Orúkọ kan ni a fún àìsàn bí i mẹ́fà, a wá ń fi ìgò kan wò wọ́n. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́. Ó lè jẹ́ ìdí yíyọ lásán, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ ìfun. Ẹni tó bá ti lé ní ọdún 45 tó ń rí ẹ̀jẹ̀, tàbí tó ń rù láìgbààwẹ̀, kó má fi ọdún méjì mu àgbo kó tó lọ ṣe àyẹ̀wò.

Fún ìgbẹ́ tó le lásán, omi mímu, ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ àti ẹ̀wà ló kàn. Ẹ má bínú sí àmàlà. Gbẹ̀gìrì àti ewédú tó bá a rìn ń ran ìfun lọ́wọ́.

Wọ́n ní àgbo ń ba kíndìnrín jẹ́. Ṣé kì í ṣe pé àwọn dókítà kàn fẹ́ ba ọjà alágbo jẹ́ ni?

Mo gbà pé àwọn kan nínú wọn máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo ewé ni májèlé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ́ọ̀mù, àwọn obìnrin tó fẹ́ dín sísanra kù lọ sí ibì kan tí wọ́n ti ń fún wọn ní oògùn tí egbò ilẹ̀ Ṣáínà wà nínú rẹ̀. Àwọn tí kíndìnrín wọn bàjẹ́ lé ní 100. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, jẹjẹrẹ tún yọ ní ojú ọ̀nà ìtọ̀ nínú ara àwọn kan lára wọn. Egbò kan tó jẹ́ ẹ̀yà Aristolochia ló ti wọ inú oògùn náà. Ohun tó wà nínú ẹ̀yà yìí, aristolochic acid, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé ti fi í sí ipò kìíní nínú àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ.

Bẹ́ljíọ́ọ̀mù jìnnà sí Bódè, àbí? Egbò tí à ń pè ní akọ igun, ẹ̀yà Aristolochia ni. Ìyá mi ti tà á rí. Wọ́n ń fi í sí àgbo inú rírun, ó sì lè wà nínú ìgò tó wà lọ́wọ́ yín láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ síbì kankan.

Kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ nǹkan bí i lítà 180 omi lára ẹ̀jẹ̀ lóòjọ́, wọ́n á dá èyí tó pọ̀ jù padà sára, wọ́n á da ìyókù dànù bí ìtọ̀. Wọn kì í pariwo. Wọ́n lè ti bàjẹ́ kọjá ìdajì kí èèyàn tó mọ ohunkóhun lára, nítorí náà "mo ti ń mu ún láti ọdún mẹ́wàá, kò ṣe mí ní nǹkan kan" kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀rí ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní creatinine. Láàbù púpọ̀ n'Íbàdàn ló ń ṣe é, kò sì gba ju ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lọ.

Ojú mi pọ́n, ìtọ̀ mi dà bí Kóòkì. Alágbo ní ibà pọ́njú ni, kí n mu tirẹ̀ kún un.

Ẹ má fi kún un. Ẹ dá gbogbo rẹ̀ dúró lónìí, kẹ́ ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lónìí.

Ẹ̀dọ̀ ló ń sọ ohun tí ẹ bá gbé mì di ohun tí ara lè lò tàbí kó jù nù. Bí ohun tí ẹ gbé mì bá ṣe ẹ̀dọ̀ léṣe, ojú á pọ́n. Ibà náà lè fà á, àrùn ẹ̀dọ̀ náà lè fà á, àgbo fúnra rẹ̀ sì lè fà á. Ìdẹkùn tó wà níbẹ̀ nìyí: àgbo pa ẹ̀dọ̀ lára, ojú pọ́n, wọ́n pè é ní ibà pọ́njú, wọ́n sì tún gbé àgbo lé e. Imí eṣú tó ń hù káàkiri ẹ̀yìnkùlé wa ní ohun kan nínú tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ bí a bá ń mu ún fún ìgbà pípẹ́. Ní ti panadó tí ẹ máa ń lò pẹ̀lú rẹ̀, àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ lo ju 8 lọ nínú wákàtí 24, ìyẹn oní-500. Ẹni tó ń mu paraga kò tiẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀.

Bàbá mi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ní ìtọ̀ ṣúgà. Ṣé wọ́n lè fi àgbo kún un?

Bí ẹni méjì bá ń fa okùn kan sí apá kan náà, ẹni tó wà lẹ́nu rẹ̀ á ṣubú. Asofẹ́yẹjẹ ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, oògùn ilé ìwòsàn ń fà á wálẹ̀. Bàbá á dìde lórí ibùsùn lóru láti lọ tọ̀, òòyì á kọ́ wọn, a ó bá wọn nílẹ̀ ilé ìwẹ̀. Reserpine inú rẹ̀ tún lè mú kí ọkàn èèyàn wúwo, kó máa banú jẹ́ láìnídìí. A ó ní ọjọ́ ogbó ni.

Kán-ún tí wọ́n ń jù sínú àgbo kó lè tètè jinná ńkọ́? Sodium ló pọ̀ nínú rẹ̀, irú èyí tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀. Ó ń ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè ni. Ẹ̀ ń gbé bàbá sókè láàárọ̀, ẹ̀ ń já wọn sílẹ̀ lálẹ́.

Ewúro inú ọbẹ̀ kò burú. Ewúro tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n mu omi rẹ̀ kọ́ọ̀pù kan nígbà tí inú ṣófo, lẹ́yìn tí wọ́n ti lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ìyẹn lè já ṣúgà ara wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí òógùn tútù bá bo bàbá, tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ wọn ń lọ́, ẹ tètè fún wọn ní omi ṣúgà bí wọ́n bá ṣì lè gbé nǹkan mì, kẹ́ ẹ sì gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Ohun tó wá burú ju àdàlù lọ ni kí wọ́n ju oògùn ilé ìwòsàn sílẹ̀ pátápátá, torí pé ara ti yá. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dun èèyàn. Rọpárọsẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́.

Bí mo bá fi wákàtí méjì sáàárín àgbo àti oògùn ńkọ́?

Kò ràn án. Oògùn tí ẹ lò láàárọ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín di alẹ́.

Èyí tí èmi ń lò kì í fi àkókò ṣòfò. Láàárín wákàtí kan, ìrora ẹ̀yìn ti lọ. Ẹ ò rí i pé ó lágbára?

Egbò kì í sábà yára bẹ́ẹ̀. Àgbo tó bá ń ṣiṣẹ́ bí abẹ́rẹ́ máa ń mú mi fura. Àwọn kan ń lọ oògùn òyìnbó sínú rẹ̀: oògùn ìrora bí i diclofenac tó ń dá ọgbẹ́ sínú, tó sì ń pa kíndìnrín lára, tàbí dexamethasone. Dexamethasone á jẹ́ kí ara fúyẹ́, kí oúnjẹ máa wù yín jẹ, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ. Àwọn èèyàn á ní ẹ ti ń sanra, ẹ ti ń gbádùn. Ṣúgà ara ń gòkè, eegun ń rọ̀, bí ẹ bá sì dá a dúró lójijì lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ara lè dákú.

Ti àgbo ọkùnrin kò gbà àlàyé púpọ̀. Jákèjádò ayé ni wọ́n ti ń rí sildenafil, oògùn tó wà nínú Viagra, nínú ohun tí wọ́n pè ní egbò lásán. Ẹni tó ń lo oògùn àyà dídùn tó jẹ́ nitrate, tó bá gbé èyí mì láìmọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lè já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbéèrè tí mo ní wọ́n bi mí níbi ìsìnkú nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó dúró síbẹ̀.

Tèmi ní nọ́ńbà NAFDAC. Ṣé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn?

Ó sàn ju èyí tó wà nínú ike omi lọ, nítorí ẹ mọ ibi tó ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ara páálí rẹ̀ dáadáa. Nọ́ńbà àgbo sábà máa ń ní lẹ́tà L ní ìparí, ẹ óò sì rí i níbi tí wọ́n kọ ọ́ wínníwínní pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò wò. Ó túmọ̀ sí pé wọ́n gbà á láyè láti tà á, kò túmọ̀ sí pé wọ́n jẹ́rìí pé ó ń wo àìsàn mẹ́rìnlélógún tí wọ́n ń ké nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní Gbági.

Ọmọ tuntun ńkọ́? Gbogbo wa la mu àgbo dàgbà.

Òótọ́ ni, a mu ún dàgbà. Àwọn tí kò dàgbà kò sí níbí láti dá sí i.

Oyàn nìkan ni fún oṣù 6 àkọ́kọ́. Omi pàápàá kò kàn án. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ọmọ ọwọ́ kò tíì gbó tó láti kó àgbo jáde, ṣíbí kan tí kò jọ yín lójú sì pọ̀ fún ẹni tí kò wúwo ju adìẹ méjì-mẹ́ta kan lọ. Ẹ ṣọ́ra fún òróró dóńgóyárò ní pàtàkì, ó ti ṣe àwọn ọmọ ọwọ́ léṣe gidi, títí kan gìrì.

Àwọn ìyá àgbà tó ń fi àgbo ìtọ̀ màlúù wo gìrì, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín. Ewé tábà wà nínú rẹ̀, àáyù àti efinrin náà wà níbẹ̀. Ó máa ń já ṣúgà ara ọmọ wálẹ̀, ó máa ń jẹ́ kí mímí rẹ̀ nira. Ó ti tó àádọ́ta ọdún tí àwọn dókítà Nàìjíríà ti ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Ọmọ tí gìrì ì bá ti fi sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, tí ohun tí a rọ sí i lẹ́nu kò jẹ́ kó jí. Bí gìrì bá mú ọmọ, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ má ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, ẹ gbé e lọ sí Adéọ̀yọ́, UCH tàbí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù.

Fún olóyún, èsì mi kúrú: ẹ má mu asunwọ̀n tàbí àgbo kankan tó ń mú ni ṣu, ó lè jẹ́ kí ilé ọmọ máa sún kì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ní kílíníkì kẹ́ ẹ tó gbé ohunkóhun mì.

Bí mo bá sọ fún dókítà pé mo ń mu àgbo, á jágbe mọ́ mi.

Mo mọ̀. Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tí ẹsẹ̀ wọn ń wú. Ní ilé ìwòsàn kan, wọ́n jẹ́wọ́ pé àwọn ń mu àgbo, ọ̀dọ́kùnrin tó wà níbẹ̀ sì sọ̀rọ̀ sí wọn lójú gbogbo èèyàn bí ẹni ń bá ọmọ wí. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti bi wọ́n léèrè níbikíbi, "rárá" ni wọ́n ń sọ. Oṣù méje ni wọ́n fi ń wá ohun tó ń wú ẹsẹ̀ wọn. Ọjọ́ kan ni wọ́n gbé àpò wọn lé káńtà mi kí wọ́n lè rí owó yọ, ike mẹ́ta sì jáde: dúdú kan, pupa kan, ọ̀kan tó ń hó. Mo ní, "Bàbá, ẹ kó gbogbo rẹ̀ dání, èmi náà á bá yín lọ." Kíndìnrín wọn kò tíì kú tán, ṣùgbọ́n kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ ẹni tí ǹ bá bá wí nínú ọ̀rọ̀ yẹn, bàbá tàbí ọ̀dọ́kùnrin náà.

Bí ẹ ó ṣe sọ ọ́ rèé: "Dókítà, mo ń mu àgbo kan, láti oṣù báyìí ni, ìgbà báyìí lọ́sẹ̀, ike rẹ̀ nìyí." Bó bá jágbe, ẹ jẹ́ kó jágbe tán, kẹ́ ẹ tún un sọ. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, ẹ sọ ti ata ilẹ̀ àti àáyù tí ẹ ń mu ní púpọ̀ náà, torí wọ́n lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dá.

Ìgbà wo ni kí n sáré lọ sí ilé ìwòsàn?

Bí ìtọ̀ bá dín kù tàbí tí ó ń hó púpọ̀, bí ojú tàbí ẹsẹ̀ bá ń wú láàárọ̀, bí ojú bá pọ́n bí ata ilẹ̀, bí ẹ bá ń bì ẹ̀jẹ̀ tàbí tí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, bí ojú bá ṣàdédé ń ṣú lẹ́yìn paraga. Kí ẹnikẹ́ni má rọ epo pupa síni lẹ́nu, kí wọ́n má sì fipá mú ni bì. Ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ mú ike náà dání.

Ìyá yín ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń tà á?

Wọ́n ṣì wà ní Bódè, wọn ò gbọ́ pé kí wọ́n jókòó sílé. Akọ igun ti kúrò lórí àtẹ wọn láti ọjọ́ tí mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn, bí wọ́n tilẹ̀ fi oṣù mẹ́ta bá mi jiyàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan wá ra egbò ẹ̀yìn dídùn, wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, wọ́n ní kó kọ́kọ́ lọ yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, àwọn ò ní ta nǹkan kan fún un. Ó dúpẹ́, ó yí padà, ó sì rà á lórí àtẹ tó tẹ̀ lé tiwọn.